Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Tony Allen: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Iṣẹ́ Rẹ̀ Nínú Àwo Orin

Ní òpópónà Ọ̀tìgbà ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹni tó bá fẹ́ ra sípíkà kì í fi ojú nìkan rà á. Ọmọ tó ń tà á yóò so ó mọ́ fóònù rẹ̀, yóò fi orin sí i, yóò sì yí ohùn rẹ̀ sókè títí oníbàárà yóò fi mi orí. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra tèmi, "Water No Get Enemy" ti Fẹlá ni ọmọkùnrin náà fi dán an wò. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kó dún láti inú fóònù lásán. Mo gbọ́ fèrè, mo gbọ́ dùùrù, mo gbọ́ ohùn Fẹlá, ṣùgbọ́n orin náà rí pẹlẹbẹ, bí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti jábọ́. Nígbà tó so sípíkà mọ́ ọn, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nísàlẹ̀ orin. Ó dún gbì lẹ́ẹ̀kan. Ó dún gbì-gbì. Ó dákẹ́, ó tún dún níbi tí etí kò ti retí rẹ̀. Mo bi í pé, "Àbúrò, ta ló ń lu ìlù yẹn?"

Ó ní, "Fẹlá ni, Dádì."

Tony Allen ni. N kò bá ọmọ náà wí, nítorí orúkọ Fẹlá ló wà gàdàgbà lára àwo, òun ló ni orin, òun ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí ó ti lé ní 50 ọdún tí a ti ń jó sí ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà. Ìlú Èkó yìí ni wọ́n ti bí i ní 1940, Ọládìpọ̀ ni orúkọ tí ilé sọ ọ́, ìdílé ìyá rẹ̀ sì tan mọ́ Gánà. Ìlú Paris ló kú sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020, ní ẹni ọdún 79, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún kan nínú ogún ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ tí kò ṣe iṣẹ́ kan sórí àwo.

Ohun kan wà nínú ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Computer Village gbọ́. Kí ó tó di onílù, iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ló ń ṣe. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan palẹ̀, tí wọ́n ń wo ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ó ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù òyìnbó, èyí tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní drọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ọmọ àyàn, kò sì sí ẹni tó gbé e jókòó kọ́ ọ. Ó fi etí kọ́ ọ ni. Lójú tèmi, bó ṣe ń tú rédíò náà ló ṣe tú ìlù.

Ẹgbẹ́ háílàìfù Cool Cats ti Victor Ọláìyá ló ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ gidi. Kì í ṣe drọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé fún un. Igi kékeré méjì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní claves, tí èèyàn ń fi ọ̀kan lu èkejì. Ẹ má fojú di igi méjì yìí o. Nínú háílàìfù, iṣẹ́ tí agogo ń ṣe nínú orin wa ni wọ́n ń ṣe: kọ́nkọ́lọ́ tí kì í yí padà, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹni tó bá fi oṣù púpọ̀ di kọ́nkọ́lọ́ mú, tí kò jẹ́ kó yẹ̀, ó ti mọ ibi tí gbogbo ẹsẹ̀ orin wà kó tó fọwọ́ kan ìlù rárá. Nígbà tí onílù ẹgbẹ́ náà kúrò, Tony bọ́ sí ipò rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílù háílàìfù l'Ékòó kì í ka háí-háàtì sí. Háí-háàtì ni páànù méjì tó dojú kọra lórí ọ̀pá kan, tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣí, tó ń pa dé. Wọ́n á ní in, ṣùgbọ́n wọ́n á fi í sílẹ̀ ní pípadé. Tony ka ẹ̀kọ́ kan tí Max Roach, àgbà onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, kọ sínú ìwé ìròyìn DownBeat lórí bí a ṣe ń lo páànù yìí, ó sì tẹra mọ́ ọn títí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi gbọ́ràn. Ó ń gbọ́ Art Blakey, ó ń gbọ́ Gene Krupa, ó sì ń gbọ́ Guy Warren ti Gánà, tó ti gbé ìlù Áfíríkà wọ inú jáàsì ṣáájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí Fẹlá ń wá onílù ní 1964, ẹni tó lè lu jáàsì àti háílàìfù pa pọ̀ ló ń wá. Ó rí i. Ẹgbẹ́ Koola Lobitos ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, wọ́n sì padà dé pẹ̀lú orin tí a wá mọ̀ sí Afrobeat, tí orúkọ ẹgbẹ́ náà fi di Africa 70. (Afrobeat tí kò ní "s" lẹ́yìn ni mò ń wí o. Èyí tó ní "s", tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.)

Kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà ilé wa wò ó. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, kò sí ẹnì kan tó ń lu gbogbo ìlù. Gúdúgúdú ní ohun tirẹ̀ tó ń sọ láìsinmi. Àwọn ọmọ ìlù tó kù ń bá ara wọn dá sí i, ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀. Ìyáàlù nìkan ló ní òmìnira láti sọ̀rọ̀, kó dákẹ́, kó kì èèyàn, kó padà sídìí ijó. Bí ẹ bá yọ ìlù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹ lè má gbọ́ ohun tó dùn níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni adùn wà.

Tony Allen kó agbo yìí sínú ara ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí háí-háàtì, ó ń ṣe bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ń ṣí páànù náà nígbà tó bá wù ú, ó sì ń dún "ṣíì" bí ẹni ń mí. Ọwọ́ òsì wà lórí snare, ìlù pẹlẹbẹ tó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ tẹ́tí gidigidi, torí ìlù kan á dún ketekete, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e á rọra fọwọ́ kan awọ lásán, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ń fi pẹ́dàlì lu ìlù ńlá tó dùbúlẹ̀, òun ni ìyáàlù. Nínú ọ̀pọ̀ orin ijó òyìnbó, ẹsẹ̀ yìí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ka oókan, èèjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin lọ. Ti Tony kì í kà. Ó ń fèsì. Bí gìtá bá sọ gbólóhùn kan, yóò dá a lóhùn. Bí fèrè bá ké, yóò jẹ́ kó kọjá kó tó sọ tirẹ̀. Ìtàn tí àwọn olórin máa ń sọ ni pé nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá, onílù mẹ́rin ni Fẹlá nílò láti dí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní rò pé àsọdùn ni.

Ó yẹ kí n fi ẹlòmíràn ṣe àfiwé, kí ẹ lè rí i pé agbára onílù kò jẹ́ oríṣi kan. Ní àwọn ọdún 1980, orin kan gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní thrash metal, orin gìtá oníná tó ń bú ramúramù pẹ̀lú eré àsápajúdé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà onílù rẹ̀ ni Dave Lombardo ti ẹgbẹ́ Slayer, tí wọ́n bí ní Havana ní 1965. Nínú àwo "Reign in Blood" tí wọ́n ṣe ní 1986, orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn kò sì pé 30 ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni Lombardo fi ń lu ìlù ńlá, wọ́n ń tẹ̀ léra bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Kí iṣan má rẹ̀ ẹ́, kí ìlù má sì dàrú nínú eré bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. (Ìlú tí wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni bàtá Yorùbá bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé, tí wọ́n ṣì ń lù ú títí dòní.)

Tony Allen kò sáré. Nínú àwo Fẹlá tó ń jẹ́ "Confusion", tó jáde ní 1975, orin kan ṣoṣo ló gba ojú méjèèjì rẹ́kọ́ọ̀dù, nǹkan bí 25 ìṣẹ́jú. Agbára tirẹ̀ ni pé kó lu ìlù fún 25 ìṣẹ́jú láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, láìsọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì bákan náà, kí oníjó má sì mọ ìgbà tí àkókò kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ lórí pèpéle: èjìká rẹ̀ kì í fò sókè, ojú rẹ̀ tutù, bí àgbà tó jókòó sí ìta gbangba tó ń wo àwọn tó ń kọjá lọ.

"Confusion" yìí ni mo máa ń ní kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò tíì sí ijó rárá. Fẹlá wà lórí dùùrù oníná, Tony wà lórí ìlù, wọ́n ń wá ara wọn kiri bí ẹni méjì nínú yàrá tí iná ti lọ. Dùùrù á ju nǹkan sílẹ̀, ìlù á lọ wò ó, á fọwọ́ kàn án, á tún sá sẹ́yìn. Kò sí kọ́nkọ́lọ́ kankan tí ẹ lè di mú. Ẹ má fò ó kọjá. Ibẹ̀ nìkan ni etí ti lè gbọ́ awọ ìlù náà fúnra rẹ̀, kí gìtá àti fèrè tó dé bò ó. Nígbà tí ijó bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbájú mọ́ háí-háàtì fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gbájú mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ìṣẹ́jú méjì mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbìyànjú láti gbọ́ méjèèjì pọ̀. Ó ṣòro. Ó gbà mí lọ́jọ́ púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí "Open & Close" ti 1971, "Roforofo Fight" ti 1972, "Gentleman" ti 1973, "Expensive Shit" ti 1975, níbi tí "Water No Get Enemy" wà, àti "Zombie" ti 1976. Ó lé ní 30 àwo tí òun àti Fẹlá jọ ṣe, n kò sì ní tò wọ́n tán. Kí ẹ kàn kíyè sí "Zombie" pé ìlù rẹ̀ yára ju ti "Water No Get Enemy" lọ dáadáa, síbẹ̀ ọwọ́ òsì kò yé sọ̀rọ̀ sínú, kò yé fọwọ́ kan awọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín àwọn ìlù ńlá.

Àwọn àwo tó jẹ́ tirẹ̀ wá ńkọ́? Àkọ́kọ́ ni "Jealousy" ti 1975, "Progress" tẹ̀ lé e ní 1977, ẹ̀kẹta ni "No Accommodation for Lagos" ní 1979. Ẹgbẹ́ Africa 70 náà ló bá a ṣe wọ́n. Ẹni tó bá fi ojú onílù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira wò ó, á rò pé ìlù yóò gba gbogbo àyè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù kò ga ju bó ṣe wà nínú àwo Fẹlá lọ, fèrè ṣì ní àyè tirẹ̀, gìtá ṣì ń ta. Ibí yìí ni mo ti gbà pé ọ̀nà tó ń gbà lu ìlù kì í ṣe nítorí pé ọ̀gá kan wà lórí rẹ̀ tó ní kó rọra. Bó ṣe gbà pé orin yẹ kó rí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìrìn àjò Africa 70 sí Berlin ní 1978 ló fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé ọ̀rọ̀ owó ẹ̀tọ́ àti èrò rẹpẹtẹ tó ń tẹ̀ lé wọn kiri wà lára ohun tó sú òun. Ohun kan ṣẹ́ kù láti Berlin yẹn tí inú mi máa ń dùn sí. Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream, bá Tony lu ìlù lórí pèpéle kan náà, àwọn méjèèjì nìkan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Wọ́n ti fi í kún àwo "Live!" tí Fẹlá àti Baker ṣe ní 1971 nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ jáde. Baker ń fi gbogbo apá lù, ilẹ̀ ń mì. Tony ń dá a lóhùn jẹ́jẹ́, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ ní kedere lẹ́yìn gbogbo ariwo náà.

Baker kì í ṣe àlejò sí agbègbè wa yìí. Ní 1973, ó ṣí sítúdíò rẹ̀, ARC, sí Ìkẹjà níbí. Ibẹ̀ ni Paul McCartney ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn orin àwo "Band on the Run" nígbà tó wá sí Èkó lọ́dún yẹn, tó sì jẹ́ pé sítúdíò EMI ní Àpápá ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní ti Fẹlá, ojú pópó Agége Motor Road ni ilé rẹ̀ wà kí àwọn sójà tó sun ún ní oṣù kejì ọdún 1977, Ìdí-Òrò nítòsí ibẹ̀ sì ni Shrine, ilé ijó Fẹlá tí Tony ti lu ìlù, wà. Shrine ti àwọn ọdún 1980 ló wà ní Pepple Street, ojú pópó kan náà tí wọ́n ti ń pàrọ̀ ojú fóònù tó fọ́ lónìí. Tony ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ìyẹn tó wáyé. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá ń kọjá níbẹ̀ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń pe oníbàárà, mo máa ń ronú pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn onílù tó jókòó ní Pepple tí kò jókòó sórí àga tí Tony fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ìlù orin lónìí, Computer Village ni wọ́n ti ra láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gé ẹsẹ̀ ìlù kan, wọ́n á ní kó máa yí po bí ọlọ. N kò kórìíra rẹ̀, mo ti jó sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin nínú ìlù Tony Allen tí ẹ ní kó máa yí, ohun kan á kú nínú rẹ̀ kíá. Ìlù rẹ̀ jọ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, oníjó kò sì ní ṣìnà, ṣùgbọ́n ìyípo kan kò bá èkejì mu tán. Níhìn-ín yóò yọ ẹsẹ̀ kan kúrò. Lọ́hùn-ún yóò ṣí páànù ní ìdajì ẹsẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, kó mú orin kan, kó ka iye ìgbà tí páànù ṣí láàárín ìṣẹ́jú kan, kó tún ka ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e.

Ó kó lọ sí London ní 1984, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Paris. "N.E.P.A." tó jáde ní 1985 ti ní ohùn ẹ̀rọ ìgbà náà nínú, ṣùgbọ́n àkòrí rẹ̀ ṣì jẹ́ àròyé ọmọ Èkó lórí iná mànàmáná. Ní 1999, "Black Voices" tú orin náà sí wẹ́wẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlù àti bééṣì nìkan ló kù, ó sì dára púpọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí. Ó padà wá sí Èkó láti ṣe "Lagos No Shaking" tó jáde ní 2006, Fátáì Rolling Dollar àti Yínká Davies sì wà níbẹ̀. Òun àti Damon Albarn, akọrin ará Gẹ̀ẹ́sì, jọ wà nínú ẹgbẹ́ The Good, the Bad & the Queen ní 2007. Ní 2017 ló ṣe "The Source" fún Blue Note, ilé iṣẹ́ tó tẹ àwọn àwo Art Blakey tó fi etí kọ́ nígbà èwe. Ó tó ẹni ọdún 77 nígbà náà. Ẹ gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe túbọ̀ fúyẹ́ sí i. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ohun tí kò lù gan-an ni ẹ ó máa jó sí.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò ló kù, torí gbogbo ohun tí mo ti sọ á já sí asán bí ẹ bá ń gbọ́ ọ láti inú fóònù lásán. Ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 50 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà inú fóònù kéré, kò lè ti afẹ́fẹ́ tó láti gbé irú ohùn nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà yóò jù ú nù, yóò sì fi páànù àti fèrè sílẹ̀ fún yín. Íapíìsì tó wọnú etí dáadáa, bí kò tilẹ̀ wọ́n, yóò gbé e ju ìyẹn lọ. Kó wọnú etí, kó má fi àyè sílẹ̀, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò ni ẹsẹ̀ Tony ti ń bá a lọ.

Mo sọ èyí fún ọmọ tó ń ta sípíkà. Ó mú íapíìsì kan nínú páálí, ó fi í sí etí rẹ̀, mo sì ní kó wá "Confusion". Oníbàárà kan dé, ó ń béèrè iye ṣájà. Ọmọ náà na ọwọ́ sí i pé kó dúró díẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò ti tẹ ilẹ̀.